Kẹ́ ẹ tó fi RAM kún kọ̀ǹpútà géèmù yín, ẹ wo prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀ ná

Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ lọ bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tẹ́ ẹ ní géèmù àtijọ́ tẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ẹ fi RAM kún un." Ó ti fẹ́ẹ̀ dà bíi Panadol báyìí, gbogbo àìsàn ni wọ́n ń lò ó fún. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa nígbà gbogbo o. Àmọ́ tó bá jẹ́ géèmù arcade la ń sọ, ìyẹn àwọn géèmù inú àpótí ńlá tí wọ́n máa ń ju owó ẹyọ sí láyé ọjọ́un, tí kọ̀ǹpútà ilé wá ń ṣe bí ẹni pé òun ni àpótí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, RAM mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Prọ́sẹ́sọ̀ ló ń jẹ́jọ́. Owó tó ń ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, ìdí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin káfíńtà kan wà ládùúgbò wa tó fi pákó kan àpótí géèmù sí pálọ̀ ara rẹ̀. Ó ní ìdí tó fi ṣe é. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì ti sọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fowó gbá géèmù di ilé, inú ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà ni wọ́n sì ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Èyí ẹ̀gbọ́n kò tíì pé ọmọ ọdún 16 tó ti ń bá àwọn àgbà ṣe ìṣirò tíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá wọn ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí wọ́n máa pariwo nínú ilé òun ju kí òun máa wá wọn kiri lálẹ́. Ó ra Dell OptiPlex 7010 tòkunbọ̀, èyí tó jáde lọ́dún 2012, ó gbé e sínú àpótí náà. Pac-Man, Street Fighter II àti Metal Slug ń lọ geere. San Francisco Rush, géèmù ọkọ̀ sísá tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, ni kò lọ. Àwòrán ń wọ́, ohùn ń gé wẹ́wẹ́. Wọ́n ti ní kó lọ ra RAM 16GB. Owó iṣẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́ta ló ti kó sápò kó tó yà lọ́dọ̀ mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó ná."

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ wá. Pac-Man tí ilé iṣẹ́ Namco gbé jáde ní Japan lọ́dún 1980, prọ́sẹ́sọ̀ Z80 kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ìsáré rẹ̀ kò ju 3 MHz àti díẹ̀ lọ. Neo Geo tí SNK ṣe lọ́dún 1990, èyí tí Metal Slug àti King of Fighters wà lórí rẹ̀, 64KB péré ni RAM tí prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, KB ni mo wí. Nínú 1GB kan ṣoṣo, irú RAM bẹ́ẹ̀ á wọlé ní ọ̀nà 16,384. PlayStation àkọ́kọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi gbá Winning Eleven, 2MB ni RAM gangan tó ní. PlayStation 2, 32MB. Ká tiẹ̀ fi géèmù fúnra rẹ̀ kún un, nítorí emulator máa ń kó fáìlì géèmù sínú RAM kó tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú àwọn géèmù Neo Geo kò tó 100MB. Kọ̀ǹpútà tó bá ti ní 4GB ní àyè fún gbogbo ìyẹn, yóò sì tún ṣẹ́kù.

Kí ló wá ń fà á tí géèmù fi ń wọ́? MAME la máa fi ṣàlàyé, torí òun ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn emulator arcade. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Nicola Salmoria, ló kọ́kọ́ gbé e jáde lóṣù kejì ọdún 1997. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fara wé gbogbo nǹkan inú àpótí àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, títí dórí bọ́tìnì. Ẹ ronú ògbufọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ á sọ gbólóhùn kan, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, kó yé e, kó tó wá sọ ọ́ lédè mìíràn. Bí pásítọ̀ bá wá ń sáré sọ̀rọ̀ láìmí, ògbufọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò yá á bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọ̀rọ̀. Prọ́sẹ́sọ̀ yín ni ògbufọ̀ yẹn. Iṣẹ́ kan tí prọ́sẹ́sọ̀ àtijọ́ bá ṣe, tiyín lè ṣe iṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fara wé e tán.

Kò sì sí àyè ìsinmi. Ọ̀pọ̀ géèmù arcade ń pààrọ̀ àwòrán ní nǹkan bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, nǹkan bí ìdá 17 péré ni prọ́sẹ́sọ̀ ní láti fi parí iṣẹ́ àwòrán kan. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn á máa gé, lẹ́yìn náà ni gbogbo géèmù á máa rìn bí ẹni tí oorun ń kùn. RAM ní tiẹ̀ dà bíi tábìlì tí télọ̀ ń tẹ́ aṣọ lé. Bí tábìlì bá kéré jù, aṣọ á máa já bọ́, iṣẹ́ á máa dúró. Àmọ́ tí aṣọ bá ti gba orí tábìlì, kí télọ̀ lọ ra tábìlì tó gùn dé ẹnu ọ̀nà kò ní kí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tó tún ti ń rú èèyàn lójú ni ọ̀rọ̀ core. Inú prọ́sẹ́sọ̀ kan, core dà bí òṣìṣẹ́. Èyí tó ní core méjì ní òṣìṣẹ́ méjì, èyí tó ní mẹ́rin ní mẹ́rin. Ó rọrùn láti rò pé bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀, iṣẹ́ á yá. Ẹ wá wo àwọn onídùndún lóde ìnáwó. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú ń gbè é, gbogbo wọn ń gbọ́ra wọn. Tẹ́ ẹ bá ti ìkọ̀ọ̀kan mọ́ yàrá ọ̀tọ̀ pé kí ìlù lè yá, á dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀rọ inú àpótí géèmù náà ń ṣọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tí MAME fi máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ lé core kan ṣoṣo lórí. Àwọn géèmù kan wà tó máa ń pín iṣẹ́ àwòrán wọn fún core yòókù, pàápàá àwọn tí àpótí wọn lo ẹ̀rọ àwòrán 3dfx Voodoo, San Francisco Rush sì wà lára wọn. Síbẹ̀, core kan tó ń ṣe olórí yẹn ló ń pinnu bóyá géèmù á lọ tàbí kò ní lọ. Torí náà, bí core kan ṣe lágbára tó ni kẹ́ ẹ máa bi wọ́n, iye core wá lẹ́yìn.

Ohun tó ṣi ẹni tó tún kọ̀ǹpútà káfíńtà yìí lọ́nà gan-an nìyẹn. Ó ṣí Task Manager, ó rí i pé prọ́sẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ dé nǹkan bí 60%, ló bá ní, "Ẹ ò rí i, prọ́sẹ́sọ̀ kò tíì rẹ̀, RAM ni." Pentium G2020 ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà, core méjì ló ní. Tí core kan bá ń ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú, tí ìkejì ń na ẹsẹ̀, 50% ni àròpọ̀ wọn máa gbé jáde. Lórí èyí tó ní core mẹ́rin tí kò ní Hyper-Threading, 25% ló máa gbé jáde, ẹ ó sì rò pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ fi apá ọ̀tún mouse tẹ orí àwòrán CPU, kẹ́ ẹ yan Logical processors. Ìgbà yẹn lẹ máa rí ìkọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú ewé yẹn kan náà, ẹ wo Memory. Nínú 4GB tí káfíńtà ní, géèmù àti Windows pa pọ̀ kò lò tó 3GB. Àyè ṣì wà lórí tábìlì.

MAME fúnra rẹ̀ tiẹ̀ máa ń sọ òótọ́ tí wọ́n bá bi í. Bí géèmù bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ F11, á kọ ìsáré rẹ̀ sókè ní ìdá ọgọ́rùn-ún. 100% túmọ̀ sí pé ó ń sáré bíi ti àpótí gidi. San Francisco Rush ń ṣe nǹkan bí 70% níwájú mi. Ẹ tẹ F10 lórí géèmù tó ń lọ dáadáa, á tú ìjánu, ẹ ó rí i tó ń fò kọjá 100%, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ bí agbára tó ṣẹ́kù ṣe pọ̀ tó. Ẹ tún F10 tẹ̀ kó tó padà sípò o, kí àwọn ọmọ má rò pé ọkọ̀ ti ya wèrè. Ẹni tí kò bẹ̀rù láti kọ àṣẹ sínú Command Prompt lè kọ mame sfrush -bench 60. Sfrush ni orúkọ tí MAME fún géèmù náà. Á sáré ìṣẹ́jú àáyá 60 géèmù náà láìgbé àwòrán tàbí ohùn jáde, lẹ́yìn náà á sọ ìdá tó lè ṣe.

Ṣé RAM kò wá wúlò rárá ni? Ó wúlò níbi tó bá ti yẹ. Kọ̀ǹpútà tó ní 2GB lórí Windows 10, ẹ fi kún un lónìí, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí Windows nìkan á fẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ tán. 4GB á ṣe é, 8GB ló bójú mu, èyí tó bá kọjá 8GB lórí kọ̀ǹpútà géèmù arcade, ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Windows 32-bit ló wà lórí rẹ̀, torí irú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé kì í lò ju 4GB lọ, kódà tẹ́ ẹ bá ki 16GB bọ̀ ọ́.

Ohun kan wà tí mo fara mọ́ níbẹ̀, òun ni pé kí RAM jẹ́ méjì tó bára mu. 4GB méjì sàn ju 8GB kan lọ. Tó bá jẹ́ méjì, tẹ́ ẹ sì fi wọ́n sí ihò tó yẹ, prọ́sẹ́sọ̀ á máa gba ojú ọ̀nà méjì lọ bá wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ ni kò ní graphics card tirẹ̀, inú RAM yìí kan náà ni ẹ̀rọ àwòrán rẹ̀ ń jẹ, nítorí náà á mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Àwọn Dell máa ń fi àwọ̀ ẹnu ihò náà hàn yín, funfun pẹ̀lú funfun.

Tẹ́ ẹ bá ń ra RAM, ìpalára tó wọ́pọ̀ kì í ṣe ti GB. DDR3 kò wọ ihò DDR4, wọ́n gé etí wọn sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ wọlé tipátipá. Ti laptop kúrú, kò wọ desktop. Èyí tó burú jù ni RAM server tí wọ́n kọ Registered tàbí ECC REG sí lára. Ó máa ń pọ̀ GB, ó máa ń dínwó, ó máa ń wọ ihò náà rẹ́gí, kọ̀ǹpútà desktop lásán kò sì ní tàn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ó yá, prọ́sẹ́sọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jókòó sí lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀. OptiPlex 7010 ti káfíńtà, LGA1155 ni tiẹ̀, ó ń gba Intel ìran kejì àti ìran kẹta. Ìran kẹrin, LGA1150 ni, kò lè jókòó síbẹ̀ láéláé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà tún lè tan yín jẹ. OptiPlex 790 àti 990 ní LGA1155 bíi ti 7010, ìran kejì nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá ra i5-3570 sínú 790, ó ra ohun tó máa fi ṣe ẹ̀bùn. Ẹ wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àmì náà: i5-2400 jẹ́ ìran kejì, i5-3570 ìran kẹta, i5-4590 ìran kẹrin.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ i3, i5, i7 tí gbogbo ayé ń bọ bí òrìṣà. i7 àtijọ́ kò ju i3 tuntun lọ nínú iṣẹ́ tiwa yìí. i3-10100, core kan nínú rẹ̀ yára ju core kan nínú i7-3770 lọ, i7 lorúkọ ìyẹn sì ń jẹ́. Ẹ tún wo lẹ́tà ìparí. T túmọ̀ sí pé wọ́n dín iná tó ń jẹ kù, wọ́n sì dín ìsáré rẹ̀ kù pẹ̀lú. U, ti laptop ni, wọ́n máa ń jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé pààrọ̀. Ẹni tó ní laptop ìran kẹrin tí wọ́n kọ i7-4600U sí, core méjì péré ló ní. Laptop á gbá Street Fighter dáadáa, àmọ́ bí prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀ bá kúrú, owó tẹ́ ẹ ní fún RAM, ẹ tọ́jú ẹ̀ sọ́wọ́ fún desktop.

Láàárín i5-3570 àti i7-3770, i5 ni mo ní kí káfíńtà mú. Ìsáré tó ga jù fún core kan lórí i5 yẹn jẹ́ 3.8 GHz, ti i7 jẹ́ 3.9. Ohun tó mú i7 wọ́n ni Hyper-Threading tó ń jẹ́ kí core mẹ́rin ṣe bí mẹ́jọ, MAME kò sì mọ bí òun ṣe máa dúpẹ́ rẹ̀. Pentium tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 2.9 GHz ni, kì í sì sáré kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n nu thermal paste tó ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná, wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n fẹ́ eruku kúrò lára fáànù. Ó ra 4GB kan kún 4GB tó ní kó lè di méjì. Ìlàjì owó ilẹ̀kùn rẹ̀ kò lọ tán. N kò ní kọ iye rẹ̀ síbí, torí iye tí mo bá kọ láàárọ̀, dọ́là lè ti yí i padà kó tó dalẹ́.

San Francisco Rush wá ń ṣe 100% báyìí. Níbi tí ọkọ̀ bá ti rọ́ jọ, ó máa ń bọ́ sí 94 tàbí 95, àwọn ọmọ kò sì ráhùn. Tó bá jẹ́ 16GB RAM ló kì bọ̀ ọ́, 70% yẹn ni à bá ṣì máa wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo inverter, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ìwọ̀n tí Intel kọ fún G2020 jẹ́ 55W, ti i5-3570 jẹ́ 77W. Kò ní jẹ gbogbo rẹ̀ nígbà gbogbo, àmọ́ bí bátìrì yín bá ti ń gbìyànjú tẹ́lẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára tí NEPA bá mú iná lọ. Tó bá jẹ́ géèmù kí ọdún 1995 tó dé nìkan lẹ fẹ́, ẹ má pààrọ̀ ohunkóhun. Ẹ gbìyànjú FinalBurn Neo dípò MAME ná, kò wúwo tó o, torí MAME ń lépa kí gbogbo nǹkan rí gẹ́lẹ́ bíi ti àpótí gidi, ìyẹn sì ń jẹ agbára. Àwọn géèmù náà ní olówó tiwọn o, MAME nìkan ló jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹni tó ń lé PlayStation 2 lórí PCSX2, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Core kan tó lágbára ṣì ni ọba níbẹ̀, àmọ́ PCSX2 ń lo bíi mẹ́ta pọ̀, àwọn tó ń ṣe é sì ń dámọ̀ràn prọ́sẹ́sọ̀ tó ní AVX2, ohun tí i3, i5 àti i7 Intel ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní láti ìran kẹrin, lọ́dún 2013. Graphics card náà wúlò fún un, bẹ́ẹ̀ ló rí fún Flycast tí wọ́n fi ń gbá Marvel vs. Capcom 2 àti àwọn géèmù Sega Naomi. MAME kì í sábà lo graphics card fún géèmù 3D, prọ́sẹ́sọ̀ ló fi ń ya á, ẹ má torí MAME ra graphics card. Bó bá jẹ́ PlayStation 2 lẹ fọkàn sí, tí kọ̀ǹpútà yín sì jẹ́ ìran kejì tàbí ìkẹta, ẹ má fi owó kankan tún un ṣe. Ẹ tà á, kẹ́ ẹ fi owó náà kún ti òmíràn.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ kó MAME àti géèmù tó wúwo jù tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbá sórí flash. Yálà Computer Village ní Ikeja lẹ ń lọ tàbí ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí yín, ẹ ní kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ ki flash bọ̀ ọ́, ẹ tẹ F11. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí àyè ìdánwò, ẹ yọ flash yín, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.